Ọmọlójú Awò

Àǹtí Awò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ó nù ún gbẹ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú awò olójú méjì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti tú u títí tí orí àwọn sùkúrù rẹ̀ fi ń dán bí eyín ọmọdé.

"Kí ni mo tún fẹ́ rí nínú ẹ̀?" ó ń sọ fún tábìlì. "Àfi tí alángbá bá ti lọ yé ẹyin síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Alángbá kankan ò sí níbẹ̀. Awò iwájú méjèèjì, àwọn ńlá tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, mọ́ tónítóní. Àwọn gíláàsì onígun tó wà níkùn rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yí àwòrán tó dorí kodò padà kó lè dúró dáadáa, wà níbi tó fi wọ́n sí gẹ́lẹ́. Awò ẹ̀yìn, àwọn kéékèèké tí èèyàn ń fi ojú sí, kò ní ìdọ̀tí, kò ní ìlà, kò ní àbùkù kankan. Ó dì í padà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Ó kọjú awò náà sí ilé alájà kan lókèèrè, ó rí ẹyẹlé méjì lórí òrùlé rẹ̀, ó rí i pé ọ̀kan ń fẹnu túnra ṣe, ó tún rí àwọ̀ tó ń kọ mọ̀nà lọ́rùn rẹ̀. Kí lèèyàn tún ń fẹ́?

Ó pòṣé. Nǹkan tó bàjẹ́ kì í bí i nínú. Nǹkan tó bàjẹ́ máa ń dùn mọ́ ọn ni. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Láti kékeré, ohunkóhun tó bá ti ní sùkúrù lára, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ìyà tó sì jẹ lórí aago bàbá wọn kò dá a dúró. Ohun tó lè mú orí rẹ̀ gbóná ni nǹkan tí kò bàjẹ́ tí ẹnì kan sì takú pé ó bàjẹ́.

"Ẹyinjúẹgẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Orúkọ tó fi ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ìdílé wọn. "Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń ṣe é?"

"Ìyàwó wa, ohun tó ń ṣe é ò sí nínú ẹ̀. Inú ọkọ yín ló wà."

"Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wá ibi tó máa jókòó sí láàárín àwọn agolo tí wọ́n kó sùkúrù sí. "Ó ní tí mo bá tún gbé e dé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun á sọ ọ́ sómi."

"Ẹ ní kó sọ ọ́. Mi ò ní yọjú wò ó. Ẹ wá, ẹ fojú sí i fúnra yín. Kí lẹ rí?"

Ìyàwó wo ìta. "Mo rí ẹyẹlé."

"Ó mọ́ àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́ kedere. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá, ó pupa."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lọ sọ fún un bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní èmi àtẹ̀yin ti jọ mulẹ̀."

Àǹtí Awò gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Kí ló dé tí òun gan-an ò wá?"

"Ó ń sùn ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tílẹ̀ bá ti mọ́, oorun ló kàn fún un. Nígbà tó bá fi máa jí, ẹ̀yin ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Awò ni olùṣọ́ ilé ìṣọ́ ní èbúté. Ọ̀nà omi tó wọ èbúté náà há. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́jú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó sókè, kó máa wo ẹni tó ń bọ̀, kó ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó sì tan iná aláwọ̀ ewé fún un pé kó máa bọ̀, tàbí iná pupa pé kó dúró. Ó mọ iṣẹ́ náà débi pé àwọn awakọ̀ ojú omi sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni awò àtijọ́ kan tó wúwo bíi bíríkì, tí kì í mú nǹkan sún mọ́ni ju ìlọ́po méje lọ. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òmíràn, fi tuntun ránṣẹ́ sí i. Tuntun náà dúdú, ó ń dán, wọ́n sì fi àwọ̀ wúrà kọ ogún sí i lára, ìyẹn ìlọ́po ogún. Inú Ojú Àwòdì dùn débi pé ọjọ́ yẹn gan-an ló fi ti àtijọ́ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́rẹ, tó jẹ́ awakọ̀ ojú omi. Ọ̀rẹ́ náà gbé e kọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kóun tú okùn ọkọ̀, ni awò bá já bọ́ sómi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí awò náà fi rì.

Àtìgbà náà ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú Àwòdì ní tuntun náà ṣókùnkùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tan iná ewé fún ọkọ̀ kan láìmọ̀ pé òmíràn ti wọ ọ̀nà tóóró náà láti òdìkejì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọlura. Àwọn awakọ̀ méjèèjì bú ara wọn títí, nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n jọ gbójú sókè bú u. Ọ̀gá èbúté pè é sí ọ́fíìsì. Kò pariwo mọ́ ọn.

"Bàbá," ló wí, "bóyá ojú yín ló ń fẹ́ ìsinmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èmi àtẹ̀yin á jọ gòkè. Ẹ ó máa pe nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ fún mi kí wọ́n tó dé òpó àárín omi. Tẹ́ ẹ bá lè pè é, ọ̀rọ̀ parí. Tẹ́ ẹ ò bá lè pè é, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì."

Kó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì! Ọkùnrin tó jẹ́ pé látìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirimú ló ti ń wo omi láti òkè. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó kàn ń ní kó gbé awò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó tún gbé e lọ, kó tún gbé e lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó gbé awò náà padà fún ọkọ rẹ̀, bí Àǹtí Awò ṣe ń ti ilẹ̀kùn, fóònù rẹ̀ dún.

"Ìwọ ọmọ yìí!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò sì kí i. "Kí lo ṣe sí nǹkan yìí?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá. Mo tú u, mo nù ún, mo dì í."

"O nù ún? Kí lo fi nù ún, èédú?"

"Ìyàwó yín wò ó lójú mi. Ó rí ẹsẹ̀ ẹyẹlé."

"Ṣé ẹyẹlé ló ń wa ọkọ̀ ojú omi ni? Mo ní mi ò ríran! Ihò dúdú ni mò ń wò, bíi pé mò ń yọjú wo inú páìpù. Díẹ̀ báyìí ló mọ́ láàárín, ìyẹn gan-an tún ṣú."

"Kò ṣú."

"Ó ṣú!"

"Bọ̀dá, mo ní kò ṣú. Bóyá òdìkejì lẹ̀ ń fojú sí."

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ti dé tán, àbúrò mi. Tó bá jẹ́ pé ojú mi ló ti lọ, sọ fún mi. Má fi awò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀."

Àǹtí Awò dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Inú ń bí i sí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí inú náà ń bí i sí mọ́. "Ẹ dúró dè mí níbẹ̀," ló wí. "Mò ń bọ̀. Lónìí la máa parí ẹ̀."

Àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ ga, ó sì rọra ń yí po bí ara ìgbín. Ó ń gùn ún, ó ń ráhùn, ó ń sọ ohun tó máa sọ tó bá débẹ̀, ó sì ti to gbogbo ẹ̀ tán kó tó kanlẹ̀kùn. Fèrèsé ló yí yàrá náà ká. Ìjókòó kan wà níbẹ̀ tí tìmùtìmù rẹ̀ ti mú àpẹẹrẹ ìdí ẹni tó ń jókòó sí i, bọ́tìnnì méjì sì wà lára ògiri, ọ̀kan ti iná ewé, ọ̀kan ti iná pupa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sáàárín ilé, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn kó má baà já bọ́, ó sì káwọ́ gbera.

"Ẹ gbé e wá," ni Àǹtí Awò wí. Ó gbà á, ó kọjú sí omi, ó gbé e sójú.

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó yí i wò, bóyá òun náà ló fojú sí òdìkejì. Ó tún gbé e sójú.

Omi náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tóbi, ó sún mọ́, ṣùgbọ́n ó rí bí òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ẹ̀gbẹ́, kò sí nǹkan kan. Tó bá gbójú kúrò nínú awò, tó fi ojú lásán wo omi, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run, ó sì ń rí ara ọkọ̀ náà tó funfun.

"Ẹn-ẹ́n?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹyẹlé dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná."

"Mo ní ẹyẹlé dà? Bá mi wá ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ dákẹ́, mò ń ronú!"

Awò kan náà ni. Kò sẹ́ni tó tú u láti ọ̀sán. Kí ló wá yí padà? Ó wo ojú ọ̀run tó ń pọ́n lọ, ó sì wo awò ọwọ́ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà bá là sí i lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu orí ara rẹ̀ mọ́ fèrèsé. Òun ò tíì fojú sí awò yìí rí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù lòun fi ń ṣiṣẹ́; tí ìyẹn bá ti ń lọ, òun á tilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n òun náà ò sì tíì fojú sí i rí lọ́sàn-án, torí oorun ló ń sùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jà yìí, ọ̀kan ń rojọ́ ọ̀sán, èkejì ń rojọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyàwó wọn ló wá ń gbé ẹjọ́ náà sínú báàgì lọ sínú báàgì bọ̀.

Ó na awò náà síwájú, ó jìnnà sí ojú rẹ̀, ó sì kọ iwájú rẹ̀ sí ibi tí ọ̀run ti mọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn awò ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, róbótó ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó léfòó nínú afẹ́fẹ́. Ó mú bébà funfun kan, ó fi sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí tí etí róbótó náà fi mú ṣáká lórí bébà. Kò ju hóró jéró kan lọ.

"Ẹ bọ́ awò ojú yín, Bọ̀dá. Ẹ wò mí."

"Kí lò ń wò?"

"Ọmọlójú yín."

Ojú Àwòdì, tó ti bọ́ awò ojú, fà sẹ́yìn. "Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó ti ṣí gbàgà." Inú ti ń bọ̀ wá dùn mọ́ ọn, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó tò sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ibi dúdú tó wà láàárín ojú yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tí oòrùn bá mú, á kéré. Tílẹ̀ bá ń ṣú, á fẹ̀, kó lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà sí i. Awò náà ní ọmọlójú tirẹ̀. Òun lẹ̀ ń wò lórí bébà yìí. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá gba iwájú wọlé, inú róbótó yìí ló máa gbà jáde. Lọ́sàn-án tí ọmọlójú tiwa náà kéré, wọ́n ṣe wẹ́kú, ló jẹ́ kí n máa rí ẹyẹlé. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ẹnì kan tó tín-ín-rín ló sì ń wọlé."

"Ti àtijọ́ ńkọ́? Ìyẹn ò tóbi jù ú lọ."

"Iwájú wọn fẹ̀ bákan náà ni. Ẹ mú fífẹ̀ awò iwájú, ẹ pín in sí iye ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan sún mọ́ni, ohun tó bá kàn yín ni fífẹ̀ ọmọlójú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín aṣọ kan sọ́nà méje, aṣọ lẹ ṣì máa mú lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà ogún, àkísà ni."

"Páìpù tí mò ń wò ńkọ́?"

"Ìyẹn, awò ojú yín ni. Róbótó yìí ò jìnnà sí gíláàsì rárá, ojú sì gbọ́dọ̀ dé ibi tó wà gan-an. Awò ojú ń dá yín dúró lẹ́yìn, rọ́bà ibí yìí tún ń tì yín sẹ́yìn sí i."

"Màá bọ́ awò ojú nígbà náà."

"Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, èwo ni bọ́tìnnì iná pupa?"

Ojú Àwòdì kọjú sí ògiri, ó ṣẹ́jú pàkòpàkò. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà, ó sì rọra bi í léèrè bí ọmọdé, "Ojú mi ò lọ?"

"Ojú yín wà níbẹ̀, Bọ̀dá. Awò yìí ṣú. Ẹ̀yin lẹ jàre."

"Tún un sọ."

"Mi ò tún un sọ."

Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì jọ pé ìjà ti parí. Àmọ́ nígbà tí Àǹtí Awò sọ pé òun lè yọ awò ẹ̀yìn yìí kúrò, kóun fi méjì mìíràn sí i láti ara awò àtijọ́ kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, àti pé ìlọ́po mẹ́jọ péré ni yóò máa fi mú nǹkan sún mọ́ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò dìde.

"Mẹ́jọ? Látorí ogún?"

"Ẹ ó máa ríran."

"Wọ́n kọ ogún sí i lára! Ọmọ mi fara ṣiṣẹ́, ó ra ogún fún mi, ìwọ fẹ́ gé e kù mẹ́jọ! Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

"Ẹ sọ òótọ́ fún un."

"Á rò pé mo fojú di ẹ̀bùn òun ni. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló ń bi mí: 'Dádì, ṣé ẹ̀ ń rí wọn dáadáa?' Mo ní mò ń rí wọn. Mo ní mò ń rí eṣinṣin létí ọkọ̀."

"Ẹ purọ́ fún un."

"Mi ò purọ́. Mo dúpẹ́ ni!"

Àǹtí Awò di ojú, ó ṣí i. Ó ti gun àtẹ̀gùn. Ó ti jẹ́wọ́. Ó ti fi bébà ṣàlàyé. Wọ́n ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ohun tó sì ń bà á lẹ́rù ni kí inú ọmọ má lọ bàjẹ́. Ó mú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìjókòó, ó tẹ orúkọ ọmọbìnrin náà.

"Dádì! Ṣé kò sí o?"

"Àǹtí ẹ ni. Dádì ẹ wà níbí, ó ń juwọ́ sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀."

Ó ro ẹjọ́ náà fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: òkùnkùn, ọjọ́ Ẹtì, géètì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù débi pé kò sẹ́ni tó nílò láti gbé e sétí.

"Ṣé èmi mọ nǹkan kan nípa awò ni? Mo kàn bi ẹni tó ń tà á pé èwo ni nọ́ńbà ẹ̀ tóbi jù! Dádì, mo rà á kẹ́ ẹ lè pẹ́ lókè yẹn ni, ẹ wá jókòó tì í títí tí wọ́n fi fẹ́ gbé yín lọ sẹ́nu géètì! Torí kí inú mi má baà bàjẹ́? Ó ti bàjẹ́ báyìí! Àǹtí, ẹ bá mi fi ayùn gé e, tíyẹn bá máa jẹ́ kó ríran."

"Ọmọ mi, má bínú," ni bàbá rẹ̀ wí láti òkèèrè.

"Eṣinṣin létí ọkọ̀ ńkọ́, Dádì?"

Ojú Àwòdì wo omi, ó wo òrùlé. "Eṣinṣin yẹn," ló wí, "ó ti fò lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Awò tún tẹ́ aṣọ funfun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tó ń wá. Ó yọ awò ẹ̀yìn tó rì mọ́ ara awò tó ti tẹ̀, ó gbọ́n iyẹ̀pẹ̀ ara wọn dànù, inú rẹ̀ sì dùn láti rí i pé gíláàsì wọn fẹ̀, wọn ò sì sán. Wọ́n tóbi ju ihò tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Ó gé òrùka méjì lára páìpù idẹ kan, ó ń fi fáìlì ha á, ó ń dán an wò, ó tún ń ha á. Èyí àkọ́kọ́ ha kọjá ààlà, ó sì ń gbọ̀n nínú ihò bí eyín arúgbó. Ó sọ ọ́ nù, ó gé òmíràn.

Fóònù dún. "Ṣé o ti parí?"

"Bọ̀dá, ṣé kò yẹ kẹ́ ẹ máa sùn ni?"

"Oorun ò wá."

"Tẹ́ ẹ bá tún pè, òrùka yìí á tún bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ máa wá jókòó ha á."

Nígbà tí awò ẹ̀yìn jókòó dáadáa, àwòrán ò mú. Wọ́n jìn sí iwájú jù, bí ẹ̀kánná ṣe nípọn tó. Ó yọ wọ́n, ó ha èjìká òrùka náà wálẹ̀, ó dá wọn padà, ọ̀kan mú, èkejì ò mú. Ó tún ha ìyẹn. Rọ́bà líle tó ń ti awò ojú sẹ́yìn, ó yọ ọ́ kúrò pátápátá, ó gé òmíràn lára rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, pẹlẹbẹ, tó rọ̀, tí kò ní ha gíláàsì ẹnikẹ́ni.

Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú. "Àǹtí Awò, ẹ ò tíì tilẹ̀kùn? Ṣé kò sí?"

"Òkùnkùn ni mò ń dúró dè."

Aránṣọ náà wò ó tìfuratìfura, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ṣú díẹ̀, ó na awò síwájú. Róbótó apá ọ̀tún jáde bó ṣe yẹ, ó tó hóró ẹ̀wà. Ti apá òsì náà fẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ó mọ ohun tó fà á: gíláàsì onígun tó wà níkùn rẹ̀ ti yẹ̀ nígbà tó ń ha èjìká, ó sì ń dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Ó tún tú u. Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ìpòṣé ẹni tó mọ ibi tóun ń lọ ni. Nígbà tó dì í tán, róbótó méjèèjì léfòó níbẹ̀ láìwọ́, láìtẹ́ níbì kankan. Ó fojú sí i, ó wo òpópónà tó ti ń ṣú. Ó ka nọ́ńbà mọ́tò tó dúró ní ìpẹ̀kun ibẹ̀.

Àǹtí Awò ti sọ pé òun ò ní lọ sí ilé ìṣọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá a lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá èbúté ti wà lókè, ó dúró sẹ́bàá fèrèsé, fóònù wà létí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan wà nínú ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àárín omi, òun ló máa sọ nọ́ńbà tó bá rí ní tòsí. Oòrùn ti wọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yọ ní ọ̀kánkán.

Ojú Àwòdì gbé awò náà mọ́ awò ojú rẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀. Kò tíì pe nọ́ńbà kankan.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́jú," ni àbúrò rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ rọra gbé e, ẹ jẹ́ kí ojú yín bọ́ sínú róbótó náà."

"Mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí kó o tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ àti igbá."

"Ẹ ṣáà rọra gbé e!"

Ó sún un díẹ̀ báyìí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Páìpù náà ti lọ. Omi tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀ láti apá kan dé èkejì, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ sì wà lórí rẹ̀ pátá.

"Ọkọ̀ akérò," ló wí. "Mẹ́tàdínlógójì. Wọ́n ti kun nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dà tuntun, wọ́n kọ méje rẹ̀ wọ́."

Ọ̀gá dúró títí tí ọkọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ òpó. Ó gbọ́ fóònù. Ó mi orí pé òótọ́ ni.

Ojú Àwòdì pe èyí tó tẹ̀ lé e. Ó pe ti ẹ̀yìn ìyẹn náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nítòsí bọ́tìnnì iná ewé nígbà tó ṣàdédé dúró, ó yí awò sápá òsì, ó sì tẹ iná pupa.

"Kí ló dé?" ni Ọ̀gá wí. "Ọ̀nà mọ́."

"Kò mọ́. Ẹnì kan ń bọ̀ láti òdìkejì láìtan iná. Ọkọ̀ ẹja ni, kò ní nọ́ńbà, ó kẹ́rù jù."

Ọ̀gá fi ojú lásán wo omi, kò rí nǹkan kan. Ó ṣáà ní kí wọ́n dúró. Ó ṣe díẹ̀, ohun dúdú kan rọra yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́ bèbè, ó gba ọ̀nà tóóró náà kọjá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń kọrin. Ọkọ̀ ńlá tí iná pupa dá dúró fọn fèrè lé wọn lórí. Ọ̀gá gbé fóònù kúrò létí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ wà níbi tẹ́ ẹ wà. Kò sẹ́ni tó tún máa pe géètì sí yín létí."

Ojú Àwòdì tan iná ewé fún ọkọ̀ tó ń dúró. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí bọ́tìnnì náà, ó ń nu eruku tí kò sí lára rẹ̀.

Ọ̀gá gba awò náà, ó wò ó fúnra rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó bi Àǹtí Awò ní ohun tó ṣe sí i, ó gbọ́ àlàyé hóró jéró àti hóró ẹ̀wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Ó ní gbogbo awò èbúté náà, ti ilé ìṣọ́ àti ti inú ọkọ̀, lòun fẹ́ kó máa bójú tó, èbúté á sì máa sanwó fún un lóṣooṣù.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín," ló fi kún un. "Níbí ni, ní irú àkókò yìí, kẹ́ ẹ lè rí ohun tí àwọn náà ń rí."

"Níbí?" ni Àǹtí Awò wí.

"Níbí?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, káfíńtà gbé ìjókòó kejì gun àtẹ̀gùn, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ojú Àwòdì. Àǹtí Awò jókòó sí i pẹ̀lú awò àkọ́kọ́ lórí itan. Kò tíì tú sùkúrù kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin tí wọ́n fi ń tú u mú.